Ta Ni Yóò Lu Ṣaworoidẹ Wa ní Sábó?

  Gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi nínú ìwé ọdọọdún yìí, eré kan ni mo tún fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Kì í ṣe eré tuntun. Ṣaworoidẹ ni, tí Túndé Kèlání darí, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì kọ ìtàn rẹ̀. Ọdún 1999 ló jáde. Kò sí bí ẹni tó ní fídíò nílé láyé ìgbà náà kò ṣe ní í ní kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tàbí kí ó ti yá a wò lọ́wọ́ aládùúgbò, kí ó má sì dá a padà.

Ìdí tí mo fi padà sídìí eré àtijọ́ kò jìnnà. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá tó kọjá, àwọn ọmọ-ọmọ mi péjọ sí pálọ̀ mi. Iná wà lọ́jọ́ náà, a dúpẹ́. Mo fi Ṣaworoidẹ sí i, mo jókòó sáàárín wọn. Nígbà tí Adébáyọ̀ Fálétí, ẹni tó ṣe Bàbá Ọ̀pálábá, bẹ̀rẹ̀ sí fi àwàdà sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, èmi àti ìyá wọn àgbà bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ dákẹ́. Ó ṣe díẹ̀ kí èyí àgbà nínú wọn, ọmọbìnrin ọlọ́dún mọ́kànlá, tó rẹ́rìn-ín tirẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ìsàlẹ̀ àwòrán ló ń wò. Èdè Òyìnbó tí wọ́n kọ síbẹ̀ ló ń kà. Bí ó bá kà á tán ni ẹ̀rín tó ń dé.

Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí kò tí ì mọ̀wé kà kíákíá, fà mí láṣọ. Ó ní, “Baba, me ya ce?” Haúsá ló fi ń bi mí pé kí ni bàbá yẹn wí. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Kí n tó ṣàlàyé òwe kan tán, Ọ̀pálábá ti pa mẹ́ta mìíràn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ o: eré Yorùbá, nínú ilé Yorùbá, èmi bàbá wọn sì di ògbufọ̀.

N kò bá ọmọ náà wí. Ta ni ǹ bá bá wí? Ìyá rẹ̀ ni ọmọ tí mo bí. Nígbà tí òun wà ní kékeré, àárọ̀ kùtùkùtù ni èmi àti ìyá rẹ̀ ń lọ sọ́jà, alẹ́ là ń wọlé. Haúsá ló ń gbọ́ ní àdúgbò, Òyìnbó ló ń gbọ́ níléèwé. Bí ó bá fi Haúsá dá mi lóhùn, èmi náà á fi Haúsá fọ̀ sí i, inú mi á sì máa dùn pé ọmọ mi á lè tajà. Ó tajà lóòótọ́. Ohun tí mo fi san owó ọjà náà ni mo rí lójú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá yẹn.

Ìdí nìyí tí mo fi jókòó tún eré náà wò lẹ́ẹ̀mejì, kí n tó gbé bírò.

Fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kò tí ì wò ó, ìtàn ìlú Jogbo ni. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ìlú ti bá ọba dá májẹ̀mú. Adé idẹ kan wà, ìlù kan wà tí wọ́n so ṣaworo idẹ mọ́. Ẹni tí yóò bá jọba gbọ́dọ̀ gba gbẹ́rẹ́, kí ó sì búra pé ire ìlú ni òun yóò máa ṣe. Ẹni tó bá dé adé láìṣe é, tí wọ́n bá lu ìlù náà, orí fífọ́ ni yóò pa á. Lápitẹ́ fẹ́ jọba, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹni tó bá pa májẹ̀mú náà mọ́ kò ní í lè kó owó ìlú jẹ. Ó kọ gbẹ́rẹ́. Ó jọba bẹ́ẹ̀. Àyángalú onílù gbé ìlù sá lọ. Láti ìgbà náà, àwọn agégẹdú ń pa igbó Jogbo run, ọba àti ìjòyè ń gba owó lọ́wọ́ wọn, ìlú ń kígbe. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀dọ́ dìde, adé sọnù láàfin, Lápitẹ́ sì ránṣẹ́ pe sójà kan, Lágàta, kí ó bá òun wá a. Lágàta rí adé, ó gbà á, ó sì gba ìtẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ọjọ́ tí òun náà fẹ́ dé adé ni ìlù dún, ó sì bá ibẹ̀ lọ.

Nígbà tí eré náà jáde, ohun tí gbogbo wa rí nínú rẹ̀ ni ìjọba ológun. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún. Kò sẹ́ni tí ó nílò kí wọ́n ṣe àlàyé Lágàta fún un. Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Ṣùgbọ́n eré tó dára kì í ní ojú kan ṣoṣo. Bí mo ṣe tún un wò láti Sábó níbí, n kò rí sójà mọ́. Àwa ni mo rí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ohun tó yẹ kí n yìn. Èdè eré náà mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn. Ìṣọ̀lá, tó kọ Ó Le Kú àti Ẹfúnṣetán Aníwúrà, kì í fi èdè ṣe àṣehàn. Ìjòyè ń sọ̀rọ̀ bí ìjòyè, ọmọ ìgboro ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìgboro, àgbà sì ń fi òwe wé ọ̀rọ̀ níbi tí kò bá ṣe é sọ gbangba. Fálétí tó kó ipa Ọ̀pálábá, akéwì àti òǹkọ̀wé lòun fúnra rẹ̀. Ó kú ní 2017, Ìṣọ̀lá sì tẹ̀ lé e ní 2018. Ọlọ́run bá wa tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Irú Yorùbá tí wọ́n kó sínú eré yẹn, ẹ kò lè rí i rà lọ́jà Kwari, bí owó yín ti wù kó pọ̀ tó.

Ohun kejì tí mo yìn ni pé eré náà kò sọ pé kí ìlú má dàgbà. Jogbo kò kọ owó, kò kọ òwò, kò kọ àlejò. Ohun tó ba Jogbo jẹ́ ni pé ẹni tó wà lókè fẹ́ ìdàgbàsókè tí kò ní májẹ̀mú nínú. Igi wà nínú igbó, owó wà nínú igi. Ẹni tó ti búra fún ìlú á bi ara rẹ̀ pé, bí a bá gé èyí, kí ni yóò kù fún ọmọ? Ẹni tí kò búra kò ní í bi ara rẹ̀.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ ara wa. Ìdàgbàsókè tiwa kì í ṣe kékeré. Ní 1912 ni ojú irin Èkó dé Kánò. Ọkọ̀ náà ló kó ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa wá, akọ̀wé, òṣìṣẹ́ ojú irin, oníṣọ̀nà, àti àwọn tó ń ta aṣọ àti obì gbànja. Ará Ogbómọ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, ará Ọ̀fà, ará Ìlọrin, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú. Ìjọba Òyìnbó kò fẹ́ kí wọ́n gbé inú odi ìlú, ó ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn lẹ́yìn odi, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Sábon Gàrí, tí àwa ń pè ní Sábó. Nínú yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀, wọ́n dá àjọ àti èsúsú, wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn oníṣòwò Ogbómọ̀ṣọ́ ló gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ọ̀pọ̀ ìlú lókè Ọya. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá kan ti wà ní Kánò kí ojú irin tó dé. Inú odi ni wọ́n gbé, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Áyàgí. Onímọ̀ ìtàn Rasheed Ọláníyì, tó kọ ìwé lórí Yorùbá ní Kánò láti 1912 dé 1999, wà lára àwọn tó ti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òwò àti ẹ̀sìn ló gbé àwọn èèyàn náà wá. Wọ́n fẹ́ aya níbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n di ọmọ Kánò pátápátá. Lónìí, Haúsá ni èdè ilé wọn. N kò sọ èyí láti bú wọn. Ilé wọn kún, ìran wọn kò pa run, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì níyì ju èmi lọ. Wọ́n dàgbà lóòótọ́. Kìkì pé bí o bá lu ìlù Yorùbá lẹ́nu ọ̀nà wọn lónìí, ìró ni wọn yóò gbọ́, wọn kò ní í gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ohun tó wà láàárín Áyàgí àti Sábó kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Òyìnbó ló fi ògiri ya Sábó sọ́tọ̀. Ògiri náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàsọ́tọ̀ ni, ó bá wa pa èdè mọ́ fún ìran méjì tàbí mẹ́ta. A ń rò pé àwa la pa àṣà mọ́. Ògiri ló ń ṣe é. Ní báyìí tí a ti kọ́lé káàkiri ìlú, tí ọmọ wa ń fẹ́ Haúsá, tí wọ́n ń fẹ́ Ìgbò, tí wọ́n ń gbé níbi tí ó wù wọ́n, èyí tí ó dára púpọ̀, kò sí ògiri mọ́. Májẹ̀mú nìkan ló kù. Ṣé a ní in?

Níbí ni mo ti fẹ́ bá eré náà jà díẹ̀.

Ẹ̀bi àkọ́kọ́ tí mo rí nínú Ṣaworoidẹ ni òpin rẹ̀. Ó dùn wò, ó dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Lágàta dé adé, ìlù dún, orí fọ́ ọ, ó kú, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Eré náà jẹ́ kí a gbà pé àṣà ní agbára láti gba ara rẹ̀ là, pé ẹni tó bá da májẹ̀mú, ìlù fúnra rẹ̀ ni yóò mú un. Ní Sábó ńkọ́? Bàbá tí kò sọ Yorùbá sí ọmọ rẹ̀, ta ni orí fọ́ nínú wọn? Orí tèmi kò fọ́. Mo sùn dáadáa, mo jí, mo jẹun, mo lọ sọ́jà fún ogún ọdún. Àṣà kì í bínú pa ẹnikẹ́ni. Ṣe ló ń dákẹ́. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ni o máa mọ̀ pé ó ti lọ.

Ẹ̀bi kejì: inú ààfin ni eré náà kó gbogbo agbára àṣà sí. Adé kan, ìlù kan, ìdílé àyàn kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n lù. Bí Àyángalú bá kú sínú igbó tó sá lọ, ìlú parí nìyẹn. Fún Jogbo, ó ṣeé gbà, nítorí Jogbo ní ilẹ̀, ó ní igbó, ó ní ìtẹ́. Àwa tí a wà ní àjò kò ní ààfin tó lè mú ọmọ gbọ́ èdè. Lóòótọ́ a ní olórí wa níbí, a sì ń bọlá fún wọn, kí adé pẹ́ lórí. Ṣùgbọ́n ìlù tiwa kò sí lọ́dọ̀ ọba. Ẹnu ìyá tó ń pọn ọmọ ló wà. Ibi tí a ti ń kí ọmọ ní oríkì láàárọ̀ ló wà, ibi tí a ti ń pa àlọ́ ló wà, ibi tí ọmọ ti ń kúnlẹ̀ tó ń dọ̀bálẹ̀, tó sì mọ ohun tó yẹ kó sọ nígbà tó bá wà nílẹ̀. Ìlù tó wà nínú ilé ọgọ́rùn-ún ṣòro í jí gbé. Àmọ́ ó rọrùn láti gbàgbé, nítorí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí eré náà ti bá mi wí jù. Lápitẹ́ ránṣẹ́ pe àjèjì kí ó bá òun wá adé rẹ̀. Ẹni tó wá a rí ló gbà á. Àwa ńkọ́? Lọ́dọọdún, nígbà tí àjọ̀dún wa bá kù díẹ̀, a ó dáwó, a ó ránṣẹ́ sílé, a ó kó àwọn onílù wá, a ó wọ aṣọ ẹgbẹ́. Onílù á lù, àwọn àgbà á nawó, ọmọ á ya fọ́tò. Ìlú wa ti pé nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì, onílù á wọ mọ́tò padà sílé, àṣà á sì bá a wọ mọ́tò.

Ẹni tó bá mọ bí dùndún ṣe ń sọ̀rọ̀ á mọ̀ pé àṣejù kọ́ ni mò ń ṣe. Ìyáàlù kò ní ẹnu. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tó wà nínú èdè wa ló fi ń sọ̀rọ̀. Igba yàtọ̀ sí igbá, igbá yàtọ̀ sí ìgbà, ìgbà yàtọ̀ sí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ọmọ tí kò mọ ìyàtọ̀ wọn lẹ́nu kò lè mọ̀ ọ́n lára awọ. Fún un, ìyáàlù tí a san owó ńlá fún kò yàtọ̀ sí agbá tí wọ́n ń fi igi lù. Ijó ni yóò kàn jó. A kó àyàn wá láti ọ̀nà jíjìn kí ó wá bá ọmọ wa sọ̀rọ̀, ọmọ wa kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọ́n á ní, ọmọ tó gbọ́ Òyìnbó tó gbọ́ Haúsá, kí ni Yorùbá fẹ́ bá a rà? Èsì mi ni pé èdè kì í lé èdè jáde. Àwọn bàbá wa tó kọ́kọ́ dé Sábó gbọ́ Haúsá ju àwa lọ, wọ́n sì ń fi Yorùbá pa òwe. Àwọn mìíràn á ní, ẹ jẹ́ kí a pa ara wa mọ́, kí ọmọ wa má fẹ́ àjèjì. Èyí náà kò tọ́. Ògiri ni wọ́n ń wá, a sì ti rí i pé ògiri kì í ṣe májẹ̀mú. Ìyàwó Haúsá tàbí Ìgbò tó wọ ilé wa kì í ṣe agégẹdú. Bí a bá pè é wọlé, tí a kí i, tí a kọ́ ọ, ọmọ rẹ̀ lè gbọ́ Yorùbá ju ọmọ tèmi lọ. Mo ti rí irú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí a retí iléèwé. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 1977 sọ pé kí wọ́n fi èdè ìyá ọmọ tàbí èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Èdè àdúgbò wa níbí, Haúsá ni, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Ẹrù Yorùbá, àwa la ni ín.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo bẹ ẹgbẹ́ wa sí. Àkọ́kọ́, nínú owó tí a ń dá fún gbọ̀ngàn wa, kí a yọ díẹ̀ san fún olùkọ́ Yorùbá kan tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ní ọjọ́ Sátidé. Gbọ̀ngàn lè dúró ọdún kan sí i. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò ní í dúró. Èkejì, àwọn ilé ìsìn wa tó ti yí ìwàásù sí Òyìnbó kí èrò lè pọ̀, mo mọ ìdí rẹ̀, n kò sì ní kí ẹ lé àlejò. Ẹ fi ìsìn kan lọ́sẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ka ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, àwọn onílù tí a ń kó wá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa lọ ní ọjọ́ kejì. Ẹ dá wọn dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní gángan àti gúdúgúdú. Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú kí awọ sọ “ẹ káàárọ̀,” kò ní í tètè gbàgbé rẹ̀.

Ní tèmi, mo ti bẹ̀rẹ̀. Láti Iléyá yẹn, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni a ń wo eré Yorùbá nílé mi. Mo fi bébà bo ìsàlẹ̀ tẹlifíṣàn, kí ẹnikẹ́ni má rí Òyìnbó tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ bínú. Èyí àgbà ní òun kò wò mọ́. Ní báyìí, bí kò bá yé wọn, wọ́n á dá eré dúró, wọ́n á bi mí, a ó sì sọ ọ́ títí yóò fi yé wọn. Eré wákàtí kan ń gbà wá ní alẹ́ mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn rẹ́rìn-ín kí èmi tó rẹ́rìn-ín.

Ṣaworoidẹ, eré ńlá ni. Ẹ lọ tún un wò pẹ̀lú àwọn ọmọ yín, àti Agogo Èèwọ̀ tó tẹ̀ lé e ní 2002. Ẹ kàn má gba òpin rẹ̀ gbọ́. Ìlù kan kò ní í dìde bá wa jà fún èdè wa. Ní àjọ̀dún ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí onílù bá ki alága wa tán, mo bẹ̀bẹ̀ kí a pe ọmọ kan jáde láàárín èrò, ọmọ tí a bí ní Kánò, kí ó sọ fún wa ohun tí ìlù wí. Bí ó bá lè sọ ọ́, kí a ná owó náà fún un.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a rí ọdún náà láyọ̀. Àṣẹ.